Ṣéènì Tí Ọ̀gá Kékeré Kò Fà

"Èyí tó nípọn jù ni kó o fún mi." Nọ́ọ̀sì na ìka sí ṣéènì ńlá kan tó ká jọ sí igun ṣọ́ọ̀bù bí erè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. "Mi ò fẹ́ kékeré. Bí ìjì bá dé, mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi dúró síbi tí mo bá fi í sí."

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kì í sì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ ló fún un lórúkọ, nítorí pé kó tó ga tó káńtà ló ti mọ irú ìdákọ̀ró tó ń di iyanrìn mú àti irú èyí tó ń di ẹrẹ̀ mú. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó máa ń jẹ́ ẹ bí ẹni ń jẹ súìtì.

"Mà, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ ò fẹ́ èyí," ó wí. "Ọkọ̀ kékeré ni ọkọ̀ yín. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, tó wá fi ẹ̀gbà tó wúwo sọ́rùn, ṣé á lè gbórí sókè? Inú imú ọkọ̀ ni ṣéènì ń gbé. Bó bá wúwo jù, imú ọkọ̀ á máa wọ omi, ìdí rẹ̀ á wá ga sókè bíi ti pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá oúnjẹ."

Ọkọ Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sórí garawa ọ̀dà tó dojú dé, gbé orí sókè. "Ṣé o gbọ́ ọ? Pẹ́pẹ́yẹ. Mo wa tírélà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ọjọ́ tí imú rẹ̀ wọ omi."

"Tírélà kì í lọ sórí omi," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ti pẹ́ tó ti ń dúró de ọkọ̀ yìí. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, ojú fèrèsé tó kọjú sí omi ló ti máa ń mu tíì rẹ̀, tó ń wo ìgbòkun funfun tó ń kọjá. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń lọ ran àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò. Kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá iṣan ọmọ ìkókó tó o. Ọmọ á ti gba abẹ́rẹ́ tán kó tó rántí pé ó yẹ kí òun ké. Ní báyìí ó ti ra ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan, ó sì fẹ́ máa gbé e lọ láti etíkun dé etíkun, kó máa sùn nínú rẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ohun tó kù ni ṣéènì ìdákọ̀ró, àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú ọkọ̀ láti máa fi fa ìdákọ̀ró sókè, nítorí ọwọ́ àgbà kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé.

Ọ̀gá Kékeré mú un yíká ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣàlàyé pé ìwúwo ṣéènì ló ń mú kó sùn sílẹ̀ lábẹ́ omi, tí ìdákọ̀ró fi ń rí ilẹ̀ bù jẹ. Pé ṣéènì gígùn tó mọ níwọ̀n sàn ju èyí tó nípọn tí kò gùn lọ. Ó fi ẹ̀rọ ìfà oríṣi méjì hàn án. Ọ̀kan ń dúró ṣánṣán, mọ́tò rẹ̀ ń wọnú ọkọ̀ lọ. Èkejì ń sùn gbalaja sórí ọkọ̀.

"Imú ọkọ̀ yín kò jìn, kò sí àyè fún mọ́tò nísàlẹ̀. Èyí tó ń sùn yìí ló bá yín mu. Àmọ́ ṣéènì kì í fi bẹ́ẹ̀ wé mọ́ wíìlì rẹ̀, díẹ̀ ló ń gbá mú. Ìdí nìyẹn tí ṣéènì àti wíìlì fi gbọ́dọ̀ bára mu dáadáa."

"Àwọn wo ló kọ́ ọmọ yìí?" Nọ́ọ̀sì bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Inú Ọ̀gá Kékeré wú bí búrẹ́dì nínú ààrò.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí wọn kò kọ sára ògiri, àmọ́ Ìyá Onírin, ìyá Ọ̀gá Kékeré, kì í fi ṣeré. Ṣéènì kankan kò gbọdọ̀ bá ẹ̀rọ ìfà jáde láìjẹ́ pé wọ́n ti fà á wò. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á de ẹ̀rọ náà mọ́ bẹ́ǹṣì onírin, wọ́n á so ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì kan mọ́ ìdí ṣéènì, wọ́n á wá tẹ bọ́tìnì kí ẹ̀rọ náà wọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn lórí sìmẹ́ńtì títí ṣéènì á fi tán. Iṣẹ́ ẹlẹ́gbin ni. Gírísì ibẹ̀ kì í ṣí lára aṣọ.

Ohun tó fa òfin náà ni pé àwọn kan ń fi ìǹṣì wọn irin wọn, àwọn mìíràn ń fi mìlímítà. Ṣéènì méjèèjì á jọra bí ìbejì, ojú kò ní í mọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n wíìlì ẹ̀rọ ìfà mọ̀ ọ́n. Wíìlì náà ní àwọn kòtò kéékèèké tí ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Bí ojú ṣéènì bá fi díẹ̀ gùn ju kòtò lọ, ti àkọ́kọ́ á jókòó, ìkejì á jókòó, ìkẹta á ṣe bí ẹni tó jókòó. Ọjọ́ tí ẹrù bá wà nídìí rẹ̀ gan-an ni yóò fò. Ìyá Onírin máa ń so okùn pupa mọ́ orí ṣéènì oníǹṣì kó má bàa ṣì í mú. Àmọ́ wọ́n ti gé ṣéènì náà láti orí fún oníbàárà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, okùn pupa sì bá a lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gá Kékeré wọ yàrá ẹrù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òkìtì ṣéènì méjì ló bá, kò sì sí èyí tó ní àmì.

Ìyá rẹ̀ ti lọ kó ẹrù ní òdìkejì èbúté. Ó dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rò pé tọ̀tún ló bá ẹ̀rọ Nọ́ọ̀sì mu. Kò dá a lójú. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro: kó gbé wọn lọ sẹ́yìn, kó fà wọ́n wò.

Ẹnì kan ló yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Sáré-Sáré. "O ṣì wà níbí? Ayàwòrán ti dé o. Wọ́n ti ń to àga."

Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ya fọ́tò kíláàsì wọn, ti ọdún àṣekágbá. Ọ̀gá Kékeré ti wọ búláòsì funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ láàárọ̀, tó le gbagidi ní kọ́là.

"Oníbàárà wà níta," ó wí. "Mo fẹ́ fa ṣéènì wò."

Sáré-Sáré wo búláòsì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Nínú aṣọ yìí? Wọn ò ní í dúró dè ọ́ o. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí a bá ń wo fọ́tò, a ó máa sọ pé, 'Ẹnì kan wà níbí tẹ́lẹ̀ tó ń ta irin.' Ṣebí ìwọ ni Ọ̀gá? Ṣé Ọ̀gá kò lè fi ojú mọ ṣéènì ni?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú un. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀gá Kékeré ní ẹnu àgbà. Kò tíì ní àpá tí àgbà ní lára. Ó fi ìka méjì fa orí ṣéènì ọ̀tún kó má bàa kan aṣọ rẹ̀, ó gbé ojú mẹ́ta lé wíìlì ẹ̀rọ náà. Wọ́n jókòó. Ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Wọn kò mì.

"Ó bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu," ó sọ fún Nọ́ọ̀sì nígbà tó jáde. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń sáré lẹ́yìn Sáré-Sáré, ó gbá kọ́là rẹ̀ mú kó má bàa wó.

Nígbà tí Ìyá Onírin dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè. "Ṣéènì tí Nọ́ọ̀sì mú, ṣé o fà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Títí dé ìdí?"

"Títí dé ìdí."

"Ọmọ tó ń jẹ́ kí n rójú sinmi," ìyá rẹ̀ wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Ẹ má rò pé irọ́ yẹn wúwo lẹ́nu ọmọ náà. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Bí irọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ìwúwo rẹ̀ kì í sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa á.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ de ẹ̀rọ náà mọ́ ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì, ìyá ló lu ihò, ọmọ ló ń na bóòtù sí i. Wọ́n so bátìrì mọ́ ọn, wọ́n tẹ bọ́tìnì. Ṣéènì wọlé, ó jáde. Kò sí ẹrù kankan nídìí rẹ̀, ìdákọ̀ró ṣì wà lórí èbúté. Ìyá Onírin gbé etí lé e.

"Kí ló ń dún kì, kì, kì yẹn?"

Ibẹ̀ gan-an ni Ọ̀gá Kékeré ti lè sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ yára ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Ó ṣì jẹ́ tuntun ni, mà. Síńkì tí wọ́n fi bò ó kò tíì ha kúrò."

Ìyá rẹ̀ wò ó fúngbà díẹ̀. Bó bá ṣe òṣìṣẹ́ mìíràn ni, á tú gbogbo rẹ̀ padà. Àmọ́ ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni. "Ìwọ lo fà á, ìwọ lo mọ̀," ó wí, ó sì fún bóòtù ìkẹyìn mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ ṣíkọ̀ ní àárọ̀ tí omi tutù nini. Wọ́n sun oorun àkọ́kọ́ nínú ìyawọlẹ̀ omi kékeré kan tí àpáta yí ká. Nígbà tí wọ́n padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún Nọ́ọ̀sì dé ọrùn ọwọ́.

"Mi ò wá jà," Nọ́ọ̀sì sọ fún Ìyá Onírin. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ yí padà láàárọ̀, àpáta wá wà lẹ́yìn wa. Mo ní ká tètè kúrò. Ṣéènì ń wọlé, ó ń wọlé, àfìgbà tí ìdákọ̀ró já kúrò nínú ẹrẹ̀. Ó wúwo. Ló bá fò kúrò lórí wíìlì, ó ń sáré padà sómi. Mo rí àpáta lẹ́yìn ọkọ mi níbi tó ti ń darí ọkọ̀. Mo na ọwọ́ sí i."

"Nọ́ọ̀sì ni ó o," ọkọ rẹ̀ wí. "Ó na ọwọ́ sí ṣéènì tó ń sáré." Kò fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọkọ̀ apẹja kan ló fà wá jáde. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, ṣé ṣéènì yẹn bá wíìlì náà mu?"

Ìyá Onírin dìde dúró. Kò sí ohun tó máa ń dùn ún bíi kí wọ́n tàbùkù sí iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Àmọ́ ṣéènì tó ti ṣọ́ọ̀bù yìí jáde, a máa ń fà á. Ọmọ mi ló fà á. Ọ̀gá Kékeré, bọ́ síbí. Ṣé o fà á àbí o ò fà á?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó rí báńdéèjì náà, ó rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí létí rẹ̀.

"Mo fà á, mà."

Nọ́ọ̀sì mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èsì àyẹ̀wò fún. "Á jẹ́ èmi ni nígbà náà. Ó ní bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì."

"Mo ti sọ fún un," ọkọ rẹ̀ wí. "Mo ní ọjọ́ orí wa ti kọjá eré báyìí."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ tó kù fa gèlè rẹ̀ síwájú, ó jáde. Ọ̀gá Kékeré wò ó títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó wù ú pé kí ilẹ̀ lanu.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ èbúté. Ìyá Onírin kò jẹ́ kó kú. Bí ẹnì kan bá béèrè, á sọ. Bí ẹnì kan kò bá béèrè, á ṣì sọ. Ó sọ fún ẹni tó ń ta okùn, ó sọ fún ẹni tó ń rán ìgbòkun, ó sọ fún ẹni tó ń ta epo ọkọ̀. "Ẹni tó yẹ kó jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó lọ ń bá omi jìjàkadì. Ó wá fẹ́ fi ìka rẹ̀ ba orúkọ mi jẹ́. Ọmọ mi fa ṣéènì yẹn títí dé ìdí." Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àgbà tó bọ́ sínú eré ọmọdé." Ọ̀gá Kékeré á wà lẹ́yìn rẹ̀, á gbé ẹrù dání, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fi gbogbo ẹnu búra lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kò sì mọ̀.

Fọ́tò kíláàsì dé. Ó wà láàárín ìlà kejì, kọ́là rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó dojú rẹ̀ dé sábẹ́ ìwé. Ìdánwò àṣekágbá ti bẹ̀rẹ̀. Á jókòó síwájú ìbéèrè, á ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, etí rẹ̀ á máa gbọ́ kì, kì, kì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, ó gba iwájú ilé ìwòsàn kékeré kọjá. Ọmọ ìkókó kan ń ké nínú ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi iná jó. Ó yọjú lójú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ló ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ náà, ó gún un, kò rí i, ó tún un gún. Nọ́ọ̀sì tiwa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń pín káàdì fún àwọn tó wá. Wọ́n ti tú báńdéèjì. Ìka àárín rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e nà gan-an bí igi, kò ká. Bí ọmọ náà bá ti ké, Nọ́ọ̀sì á dìde díẹ̀, á tún jókòó.

Ó rí Ọ̀gá Kékeré. "Ọmọ mi, kú ẹ̀kọ́ o. Ṣé ìdánwò ń lọ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jẹun dáadáa o. O ti rù."

Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ọmọ náà dé ilé, ó bo orí mọ́lẹ̀, ó ní inú ló ń run òun.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí nígbà tí ọkọ Nọ́ọ̀sì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Ẹnì kan ti wá wò ó, tíṣà kan tó fẹ́ máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kiri nínú rẹ̀ nígbà ìsinmi. Àmọ́ tíṣà náà ti gbọ́ nípa ìka Nọ́ọ̀sì. Ó ní òun fẹ́ kí ẹni tó de ẹ̀rọ ìfà wá fi hàn pé nǹkan kan kò ṣe é.

"Kò sí wàhálà," Ìyá Onírin wí. Inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀gá Kékeré, mú apótí irinṣẹ́. Ìwọ lo máa tẹ bọ́tìnì. Jẹ́ kí gbogbo wọn rí i."

Wọ́n pé lórí ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ èbúté: tíṣà náà, Nọ́ọ̀sì, ọkọ rẹ̀, ìyá àti ọmọ. Nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́yìn, ó kọjú sí omi, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára ra igi ọkọ̀ náà lára bí ẹni ń dágbére fún ẹran ọ̀sìn. Omi ẹ̀gbẹ́ èbúté kò jìn. Ọ̀gá Kékeré mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó rọ ìdákọ̀ró sílẹ̀, ìdákọ̀ró náà jókòó sórí ẹrẹ̀ fúléfúlé. Bó bá rọra ń tẹ bọ́tìnì, tó ń dá ọwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀, yóò gòkè wá láìfò. Tíṣà á mi orí. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ á lọ, ọ̀rọ̀ á sì bá a lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," tíṣà náà wí. "Ọmọ mi obìnrin tó dàgbà jù ló máa máa tẹ bọ́tìnì yìí fún mi. Kò tíì ju ìwọ lọ."

Ọ̀gá Kékeré gbé ìka lé bọ́tìnì. Kò tẹ̀ ẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́," ìyá rẹ̀ wí.

"Mi ò fà á, mà."

"Kí lo sọ?"

"Ṣéènì yìí. Mi ò fà á wò rí. Ojú mẹ́ta ni mo gbé lé wíìlì. Mi ò mọ̀ bóyá ti ìǹṣì ni tàbí ti mìlímítà. Mo wọ aṣọ funfun, wọ́n fẹ́ ya wá ní fọ́tò." Ohùn rẹ̀ já. "Mo ní mo fà á. Irọ́ ni."

Ìyá Onírin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà. Ó fa ṣéènì náà tọ́, ó wé e mọ́ wíìlì dáadáa, ó fi ọ̀pá irin gbá a mú, ó fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn. Ṣéènì náà dún gbà, ó fò kúrò nínú kòtò. Ó dá a padà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún fò. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ti dàgbà ju bó ṣe wà láàárọ̀ lọ.

Tíṣà náà sọ pé òun máa padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó hàn pé kò ní í padà. Ó bọ́ sílẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ìyá Onírin wí fún Nọ́ọ̀sì, "mo ti sọ̀rọ̀ yín láìdáa ní gbogbo èbúté yìí. Mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi bẹ̀ yín."

Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ náà wá. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i.

"Ká ìka yẹn fún mi."

Ọ̀gá Kékeré fọwọ́ kàn án. Ó gbìyànjú díẹ̀. Ó le gbagidi, ó tutù. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ àwọn méjèèjì.

"Kò ká," Nọ́ọ̀sì wí. "Mo mọ̀ pé kò ká. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ojú ti ń tì mí níwájú ọkọ mi. Mo gbà pé mo ti dàgbà, pé mi ò lè tẹ bọ́tìnì mọ́, pé mo fẹ́ẹ̀ pa á. Mo ń ta ọkọ̀ tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi dúró dè, nítorí ìtìjú. Ìtìjú náà kì í sì í ṣe tèmi. Tìẹ ni. Ìwọ lo ni ín, o gbé e lé mi lórí, ò ń wò mí bí mo ṣe ń rù ú kiri."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mi ò tíì lè dárí jì ọ́. Mi ò ní í parọ́ fún ọ." Ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó yí sí ọkọ rẹ̀. "Mi ò ta ọkọ̀ mi mọ́."

Ọkọ rẹ̀ ti bọ́ fìlà, ó ń lò ó bí àkísà lọ́wọ́. "Mo gbọ́," ó wí. "Èmi gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́. Mo sọ pé o ti dàgbà. Tírélà mi gan-an já ní bíréèkì nígbà kan, mi ò sọ pé mo ti dàgbà."

Ìyá Onírin tú ṣéènì náà kúrò lọ́jọ́ yẹn, ó mú èyí tó tọ́ wá, ó sì fà á wò níwájú Nọ́ọ̀sì. Kò lu ọmọ rẹ̀. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló sọ pé kó wọ bàtà, kó tẹ̀ lé òun.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta okùn ni wọ́n kọ́kọ́ dé. "Mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín nípa Nọ́ọ̀sì," Ìyá Onírin wí. "Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ nìyí. Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Kékeré sọ ọ́. Ó gbàgbé pé ó ní ẹnu dídùn. Ẹni tó ń ta okùn kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ tìyanutìyanu, bí ẹni tí ń wo ilé tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Ìwò yẹn ló gún ọmọ náà lọ́kàn jù. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán ìgbòkun, ó tún un sọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn, "Ọ̀gá Kékeré náà nìyẹn?"

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta epo ọkọ̀, ìròyìn ti ṣíwájú wọn. Bàbá arúgbó náà rí i bí ojú ọmọ náà ti wú, àánú sì ṣe é. "Ó tó, Ìyá Onírin," ó wí. "Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, kó máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá," Ìyá Onírin dáhùn. "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Ọ̀gá Kékeré nu ojú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkìtì ṣéènì méjì tí kò ní àmì. Kò fi búláòsì funfun pamọ́, kò fi irọ́ kankan sílẹ̀ nínú gbogbo èyí tó pa, títí dé èyí tó pa níwájú báńdéèjì. Ó sọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe rò pé irọ́ tí ẹ bá pa máa ń dúró sí ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa ń lọ já. Yóò sọ ẹni tó fẹ́ràn yín di òpùrọ́, yóò fi ìtìjú yín wọ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ láṣọ. Bí ẹ kò bá tíì ṣe iṣẹ́ kan, ẹ sọ pé ẹ kò tíì ṣe é, kódà bí ojú bá máa tì yín díẹ̀. Ìtìjú tó kéré tí a gbà lónìí sàn ju ńlá tí a óò máa gbé láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù lọ́la.